Àwọn Ọmọ Tí A Gbé Jáde Lẹ́wọ̀n

Bàtà ni mo ń wá lábẹ́ àga ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí iṣẹ́ yìí bá mi. Ẹsẹ̀ kan nínú sálúbàtà mi ti yọ́ lọ sábẹ́ àga ẹni tó wà níwájú mi, mo sì dìde láti wo ibi tó wọlé sí. N kò mọ̀ pé àkókò yẹn gan-an ni pásítọ̀ wa ń bi ìjọ léèrè pé ta ni yóò máa bá Ìyá Adùnní lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Gbogbo ìjọ jókòó pa, èmi nìkan ni mo wà lórí ìdúró. Pásítọ̀ ní, "Ẹ ṣeun, Sísítà Bọ́láńlé. Olúwa yóò san án fún yín." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ojú tì mí láti sọ pé bàtà ni mo ń wá.

Ìyá Adùnní ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ nínú ìjọ wa. Agbẹ̀bí ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ a sì máa le bí ohùn ẹni tó ń bínú, kódà bí inú rẹ̀ bá ń dùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ó dúró dè mí ní Arákalẹ́, nílùú Àkúrẹ́ wa, pẹ̀lú báàgì tó kún fún ọṣẹ àti aṣọ òkìrìkà ọmọdé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Léèsì ni mo wọ̀.

"Ta ló ń ṣègbéyàwó?" ni ó bi mí.

Láti ọjọ́ náà, àǹkárá ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́nu géètì, àwọn wọ́dà tú báàgì wa. Wọ́n gé ọṣẹ sí méjì láti wò ó bóyá a fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì gba fóònù wa. Ọgbà kékeré tí àwọn obìnrin wà mọ́ tónítóní, wọ́n ti gbá ilẹ̀ rẹ̀. Mo ti ń retí ibi tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni igbe ọmọ ọwọ́ tí mo gbọ́ láti inú yàrá kan. Mo rò pé inú rédíò ni.

"Ọmọ ni," ni Ìyá Adùnní wí. "Oyún wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un. Ibí ló bí i sí."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ni wọ́n ń pè ní awétìn, ìyẹn àwọn tí adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Ẹlòmíràn gbé oyún wọlé, ẹlòmíràn pọn ọmọ wọlé. Òfin gbà kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan ààbọ̀. Bó bá ti pé bẹ́ẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ jáde, ìyá á sì kù síbẹ̀. Ẹnìkan ní láti wà lẹ́nu géètì tí yóò na ọwọ́ gbà á. "Gbígbé ọmọ jáde" ni àwa ń pè é. A ó kọ́kọ́ wá ẹbí ìyá lọ, a ó wá ẹbí bàbá. Bí a kò bá rí ẹni tó gbà, ọmọ á wá sí ilé tí ìjọ wa yà sọ́tọ̀ fún un lẹ́yìn Arákalẹ́, níbi tí èmi àti àwọn obìnrin mélòó kan ti ń tọ́ wọn.

"Ọṣẹ tí a gbé wá yìí," ni Ìyá Adùnní sọ fún mi bí a ṣe ń jáde lọ́jọ́ náà, "ilẹ̀kùn la fi ń kàn. Àwọn ọmọ la wá fún."

Ohun tó kọ́ mi lẹ́yìn ìyẹn kò pọ̀. Ó ní kí n má bi obìnrin kankan léèrè ohun tó gbé e débẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ, yóò sọ. Ó ní kí n má ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo sì mú Bíbélì jáde fún obìnrin kan tí kò tíì jẹun láti àná, ó gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó fi búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀. "Jẹ́ kí èyí lọ ṣáájú," ni ó wí.

Ọmọ tí mo kọ́kọ́ gbé jáde kò rí ẹran ọ̀sìn rí láyé rẹ̀. Bí a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ewúrẹ́ kan yọ sí wa, ọmọ náà fi igbe bọnu, ó sì gun orí èjìká mi bí ológbò. Mo ní, "Ewúrẹ́ ni, kì í jẹ èèyàn." Ó há a sórí. Fún oṣù bíi mélòó kan, gbogbo ohun tó bá ti ń rìn tí kì í ṣe èèyàn, "wúrẹ́" ni. Nígbà tí pásítọ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ ọgbà wa, ọmọ náà nawọ́ sí i, ó ké pé, "Wúrẹ́ ńlá!" Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín nínú iṣẹ́ náà nígbà mìíràn. Bí a kò bá rẹ́rìn-ín, à bá ti sá lọ.

Mo ti pẹ́ díẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó mú Yétúndé dé. Oǹdó ni wọ́n ti mú un, wọ́n sì gbé e wá sí Àkúrẹ́. Ó kéré, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀, ikùn rẹ̀ sì ti yọ. Wọ́n ní ó pa ọkọ rẹ̀. N kò bi í léèrè nǹkankan. Ó ti bí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ti ń rákò, kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí a jọ ń fọ aṣọ.

"Ó ń lù mí, mà," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń lù mí. Lọ́jọ́ yẹn, ikùn ló ń gbá. Mo ń gún iyán lọ́wọ́, ọmọ odó ló wà lọ́wọ́ mi." Ó ń fún aṣọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ń fún un. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, mà. N kò mọ̀ pé orí èèyàn kò le tó bẹ́ẹ̀."

Ìníolúwa ni ó sọ ọmọ náà. Ó ní òun kò ní nǹkankan tí òun lè pè ní tòun mọ́, ọmọ yìí pàápàá, ti Olúwa ni. Ìní ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ tó ń wo èèyàn lójú ni, etí rẹ̀ fẹ̀, kì í sì í sunkún lásán. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni ń gba omi nígbà ọ̀dá.

Nígbà tí ọdún kan ààbọ̀ rẹ̀ ń sún mọ́, mo lọ wá bàbá Yétúndé ní Ipogun, nítorí ìyá rẹ̀ ti kú. Baba náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé nígbà tí mo bá a, ó ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ ẹni tí mo jẹ́. Kò dá ẹsẹ̀ fífọ̀ dúró.

"Ọmọbìnrin méjì ni mo bí," ni ó wí. "Ọ̀kan wà nílé ọkọ. Ọ̀kan kú."

"Bàbá, ọmọ ọmọ yín ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì."

Ó da omi tó kù nínú kẹ́tùlù sórí ẹsẹ̀ kejì. "Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín," ni ó wí, ó sì wọlé.

Bí mo ṣe ń padà lọ sójú títì, obìnrin kan tó ń gbé ní ilé kejì sáré tẹ̀lé mi. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Gánà lẹ ti ń bọ̀? Wọ́n ní Gánà ni Yétúndé wà. Ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo wò ó. Mo ní, "Ó ń kí yín."

Nígbà tí mo ròyìn fún Ìyá Adùnní, ó kàn sọ pé, "Ó ku Oǹdó."

"Oǹdó bí i ti báwo, mà? Kí n gbé ọmọ rẹ̀ lọ bá ìyá ọkùnrin tó pa?"

"Ọmọ ọkùnrin náà ni pẹ̀lú," ni ó wí. "Àbí ta ló bí i?"

Mo lọ sí Oǹdó. Ìyá Kọ́lá, ìyá ọkọ Yétúndé, opó ni, gàrí ló ń yàn tà. Kọ́lá tó kú yẹn nìkan ni ọmọkùnrin tó bí. Bíríkìlà ni ọmọ náà, òun ló sì kọ́ ilé kékeré tí ìyá rẹ̀ ti ń yan gàrí. Mo bá a nínú èéfín, ó ń fi igbá ro gàrí nínú agbada, Ṣadé ọmọbìnrin rẹ̀ ń sẹ́ èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rò pé oníbàárà ni mí. Ó bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ pé kí n tọ́ ọ wò. Gàrí náà kan díẹ̀, ó dùn. Mo gbé e mì, mo sì sọ ohun tí mo bá wá.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí igbá. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀, síbẹ̀ kò mira. Ṣadé ló sáré fa igi kúrò nídìí iná.

"Mo gbọ́ pé ó bímọ," ni Ìyá Kọ́lá wí nígbẹ̀yìn.

"Obìnrin ni, Màmá. Kò sẹ́ni tí yóò gbà á."

"Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀," ni ó wí. Kò pariwo. "N kò mọ ojú ibi tí wọ́n sin ín sí, torí wọ́n ní òbí kì í wo sàréè ọmọ rẹ̀. Èmi tí n kò rí ibi tí ọmọ mi sùn sí, ẹ fẹ́ kí n tẹ́ ibùsùn fún ọmọ ẹni tó pa á?"

Ó wo inú agbada. "Ẹ ò rí bí gàrí mi ṣe jóná," ni ó wí. Ṣadé sì fi ojú hàn mí pé kí n máa lọ.

Mo ti rò pé Ìyá Adùnní yóò bá mi wí pé mo tètè ṣẹ́rí padà. Ó kàn bi mí bóyá mo bá obìnrin náà jiyàn. Mo ní rárá. "O ṣeun," ni ó wí. "Kò sí ọ̀kan nínú ohun tó sọ tí kì í ṣe òótọ́."

A kò ní ẹlòmíràn tí a ó tún wá lọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo lọ gbé Ìní jáde wá sí ilé wa.

Yétúndé ti ń fi ewúro ra ọmú láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí ọmọ lè já a fúnra rẹ̀. Obìnrin kan ti di irun Ìní, òmíràn ti fi àkísà rán ọmọláńgidi fún un. Wọ́n máa ń kọrin bí ọmọ bá ń jáde. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò lè dá orin. Wọ́dà obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin sígbọnlẹ̀ kan, kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Bí ó bá ń sunkún tí kò fẹ́ sùn," ni Yétúndé wí, "ẹ máa fi ọwọ́ pa á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀."

"Mà á ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bó bá dàgbà, ẹ má sọ fún un."

"Kí ni n kò gbọdọ̀ sọ?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ó nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìró, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán, ó sì yí padà wọlé kí wọ́n tó ti géètì. Mo ti rí àwọn ìyá tó pariwo, mo ti rí èyí tó dákú. N kò tíì rí ẹyọ kan tó rìn lọ bẹ́ẹ̀ rí. N kò fẹ́ rí i mọ́.

Ìní kò sunkún lójú ọ̀nà. Ó ń wo ọkọ̀, ó ń wo àwọn igi. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nítòsí báńkì kan, mo gbé e sílẹ̀ kí n lè tún ìró mi ró. Mẹ́gáàdì báńkì náà ń kọjá nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Bí Ìní ṣe rí i, ó lóṣòó lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó dorí kodò. Mẹ́gáàdì rò pé eré ni, ó kí i bí ṣọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá, ó sì rẹ́rìn-ín kọjá. Ọmọ náà kò dìde títí ó fi lọ tán.

Ó nira fún un lọ́dọ̀ wa. Kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, àfi ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Oúnjẹ tí a bá gbé fún un, á kó o sẹ́nu, kò ní gbé e mì. Ibà dé sí i, ó rù. Ìyá Adùnní, tí ara òun náà kò le mọ́, ló ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu, tó ń pa á ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó sì ń bínú sí gbogbo ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Kọ́lá ni. Aṣọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wọn ló wọ̀, funfun báláú, pẹ̀lú àmùrè aláwọ̀ ojú ọ̀run àti fìlà tó bá a mu. Ó gbé àpò gàrí kan dání.

"Ìpàdé la wá ṣe ní Àkúrẹ́," ni ó wí kí n tó kí i tán. "Mo ní kí n yà kí yín. N kò wá gbé ẹnikẹ́ni o."

Mo ní kí ó jókòó. Kí ó tó jókòó, Ìní ti yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó rí aṣọ funfun, ó rí àmùrè, ó rí fìlà. Ó lóṣòó. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó dorí kodò, ó ń retí.

Ìyá Kọ́lá wò ó. "Kí ló ń ṣe yẹn?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, Màmá. Bí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù bá wọlé, wọn á lóṣòó kí wọ́n lè kà wọ́n. Láti ìgbà tó ti lajú ló ti ń rí i. Ó rò pé ọ̀kan nínú wọn ni yín."

"Èmi ni ó ń lóṣòó fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ Kọ́lá," ni ó wí. "Ọmọ Kọ́lá ń lóṣòó fún mi bí ẹlẹ́wọ̀n."

Ó ṣí fìlà, ó tú àmùrè, ó kó méjèèjì lé orí àga. Ó wá fi aṣọ funfun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pe ọmọ náà. Kò nawọ́ sí i. Ìní ń yọ́ ojú wò ó. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó fi ìdí balẹ̀, tí òun náà na ẹsẹ̀ tirẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì jókòó, láìfọwọ́ kan ara wọn. Nígbà tí Ìyá Kọ́lá ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Etí bàbá rẹ̀ nìyẹn," ni ó wí, ó sì gbé fìlà rẹ̀ dání lọ, kò dé e.

A kò gbúròó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tó padà wá, Ṣadé ló tẹ̀lé e, ojú Ṣadé sì ti wú.

"Màámi, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni Kọ́lá," ni Ṣadé ń wí bí wọ́n ṣe ń wọlé. "Ẹ̀gbọ́n tèmi náà ni. Gbogbo àdúgbò ló ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé ẹ fẹ́ gba ọmọ náà. Ẹ fẹ́ kí n máa rí ojú ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n mi láràárọ̀?"

"Ojú Kọ́lá ni wàá máa rí," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Wò ó dáadáa."

Ṣadé kò wò ó. Ìta ló dúró sí títí a fi parí ọ̀rọ̀.

Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, mo ti fẹ́ sọ bí inú Olúwa yóò ṣe dùn tó. Ìyá Kọ́lá dá mi dúró. "Ẹ má sọ fún obìnrin yẹn pé mo ti dárí jì í. N kò tíì dárí jì í. Bí a bá ń gba àdúrà Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá kan ibi ìdáríjì, ẹnu mi máa ń dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa kò lè dúró de ìgbà tí ọkàn mi bá rọ̀." Ó pọn Ìní. Ọmọ náà fi etí lé e lẹ́yìn, kò sunkún. Ìyá Adùnní, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ sí nínú yàrá kejì, ní kí n bá wọn gbé ẹrù dé gáréèjì.

Mo ń lọ wò wọ́n ní Oǹdó, nítorí iṣẹ́ wa kì í parí sójú ọ̀nà. Bí mo bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan, Ìní á ti sanra sí i. Èdè Oǹdó tó ń sọ sì ti ki débi pé èmi ọmọ Ìjù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, ní láti ní kó tún un sọ fún mi. Àwọn kan ní àdúgbò kò ra gàrí lọ́wọ́ Ìyá Kọ́lá mọ́. Nínú ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan yìn ín lójú, wọ́n sì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé kì í ṣe ojú lásán. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń ro gàrí, tí Ìní ń fi ìyẹ̀pẹ̀ dáná tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bá mi sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè.

"Mo máa ń gbọ́," ni ó wí. "Ògiri kan ló wà láàrin wa. Bí Kọ́lá bá ti ń lù ú, mo máa ń gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì sókè kí n má baà gbọ́. Àwọn ará ilé á ní, 'Ìyá Kọ́lá mà fẹ́ràn Ọlọ́run o.'" Ó ro gàrí náà fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé wọ́n ṣì ń gba ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní kóòtù?"

Lọ́yà kan nínú ìjọ wa ló ń gba ẹjọ́ Yétúndé rò. Ó mú Ìyá Kọ́lá lọ síwájú adájọ́. Mo wà níbẹ̀. Ó dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó di igi rẹ̀ mú, ó sì sọ pé ọmọ òun dára sí òun, ó kọ́lé fún òun, ó sì ń lu ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń lu aṣọ òfì. Yétúndé bo ojú. Ṣadé dìde nínú kóòtù. "Màámi, ẹ ti pa á lẹ́ẹ̀kejì," ni ó wí, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyá Kọ́lá a máa fi gàrí ránṣẹ́ sí i. Ṣadé a máa dá a padà.

Adájọ́ kò dá ẹjọ́ ikú. Ó sọ Yétúndé sẹ́wọ̀n ọdún púpọ̀, iye ọdún tó ṣì kù fún un kò sì kéré. Àwọn kan bá mi yọ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ nírú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan kú, ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n, ìyá àti ọmọ kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ọmọdé kan sì ń fi ìyẹ̀pẹ̀ dáná. Ní òjò ọdún yẹn náà ni Ìyá Adùnní kú. Àwọn tó ti gbé jáde lẹ́wọ̀n wá sí ìsìnkú rẹ̀, àwọn mìíràn ti di géńdé, wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí tí òbí alágbàtọ́ wọn fi ní kí wọ́n wá.

Orúnkún mi kò gba ìrìn mọ́ báyìí, mo sì ti fa iṣẹ́ náà lé arábìnrin kan tó kéré sí mi lọ́wọ́. Ó bi mí pé kí ni n óò kọ́ òun. Mo ní kí ó máa wọ àǹkárá. Lẹ́yìn náà mo sọ ti Ìyá Kọ́lá fún un. Nígbà tí mo ń bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ìfẹ́ tí Kristi ní kí a ní sí ọmọnìkejì, ohun kan ni tó máa ń mú inú ẹni gbóná. Mo ti wá rí i pé ẹlòmíràn ń ṣe é pẹ̀lú ọkàn tó wúwo bí ọlọ, á sì bu oúnjẹ fún ọmọ lásìkò.

Kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ sọ fún Ìyá Kọ́lá pé ẹlòmíràn ni yóò máa wá. "Kí ẹ tó lọ, ẹ mú wa débẹ̀," ni ó wí.

Mo mú wọn lọ. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń kí àlejò, wọ́n mú Yétúndé wá. Ó ti gbẹ, irun funfun ti yọ níwájú orí rẹ̀. Bó ṣe rí ẹni tó jókòó, ó wólẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀.

"Dìde," ni Ìyá Kọ́lá wí. "Ọmọ ń wò ẹ́."

Ó dìde. Ìní fara pa mọ́ sẹ́yìn ìyá bàbá rẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

"N kò bá ti ọ̀rẹ́ wá," ni Ìyá Kọ́lá wí. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri. "Ó ń lọ sílé ìwé. Ó mọ orúkọ rẹ̀ kọ. Kì í jẹ ẹ̀wà. Eyín iwájú rẹ̀ bọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi han ẹnìkan." Ó fa ọmọ náà síwájú. "Fi hàn án."

Ìní la ẹnu. Yétúndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àlàfo kékeré náà títí, bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ sórí. "Ṣé ó dùn ọ́?" ni ó bi í.

"Rárá," ni Ìní wí. "Màmá ló bá mi fà á."

Wọ́n sọ fún wa pé àkókò ti tó. Nínú ọkọ̀, Ìní sùn sórí ẹsẹ̀ ìyá bàbá rẹ̀. A ti kúrò láàrin Àkúrẹ́ tán kí Ìyá Kọ́lá tó lanu.

"Ìgbà wo ni wọ́n tún ń jẹ́ kí èèyàn wọlé?"

"Oṣù tó ń bọ̀, Màmá."

"Kò burú," ni ó wí.